Ohun Tí Mo Rí Lórí Beinn Liath

Ilé Ẹ̀gbẹ́ Afárá,
Glen Orran,
Scotland.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Mairead, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí Laurent ọkọ rẹ, mo sì kí ẹni tó ń tàpá nínú rẹ. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìjókòó, kí ẹsẹ̀ rẹ tó ń wú ti fà, kí oorun sì máa kùn ọ́ dáadáa ní Canada lọ́hùn-ún. Bí o bá wà ní ìdúró, jọ̀wọ́ wá àga kí o tó kà á síwájú. Àwa náà wà, ara wa sì le. Bàbá rẹ wà nínú ọgbà, ó ń bá ìgbín jà nítorí ewébẹ̀ rẹ̀. Mo tètè sọ èyí nítorí mo mọ bí àyà rẹ ṣe máa ń já tí o bá rí ìwé ọwọ́ mi. Kò sẹ́ni tó kú. Ṣùgbọ́n ẹnu ya ìyá rẹ lánàá, ó yà á débi pé títí di ìsinsìnyí mi ò tíì lè pa á dé.

O ti rí fọ́tò tí Torquil, àbúrò bàbá rẹ, fi ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù. Ó ní o sunkún, o sì ti sọ fún gbogbo ará ibiṣẹ́ rẹ pé bàbá rẹ ti gun gbogbo òkè gíga ilẹ̀ Scotland tán. Fọ́tò náà dára. Bàbá rẹ gbé ọwọ́ lé òkìtì òkúta, Hector gbé ife sókè, èmi náà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí ẹni tí wọ́n fi tipátipá mú wá, imú gbogbo wa sì pọ́n fún òtútù. Ẹ̀yìn wa funfun báláú, kùrukùru ni. Ẹ̀yìn yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ mi dá lé, nítorí ohun tó wà níbẹ̀ kò hàn nínú fọ́tò.

Ṣé o rántí ìgbà tí ọkàn bàbá rẹ ṣe é lẹ́yìn Kérésìmesì, tí o fò wá, tí o jókòó ti ibùsùn rẹ̀ nílé ìwòsàn? O sọ fún un pé, "Dádì, tẹ́ ẹ bá ti gun àwọn tó kù tán, bàtà yẹn ń lọ sókè àjà nìyẹn. Ẹ búra fún mi." Ó fà sẹ́yìn díẹ̀, ó wá ní, "Mo gbọ́. Ọjọ́ tí mo bá parí wọn, mo ti parí nìyẹn." Ìwọ sunkún ayọ̀, èmi náà mí kanlẹ̀. Ó yẹ kí n ti fetí sí bó ṣe gbé gbólóhùn yẹn kalẹ̀, àmọ́ inú mi dùn jù.

Mẹ́rin ló kù nígbà náà. Dókítà ráhùn, ó ní tó bá máa lọ rárá kó máa rìn jẹ́jẹ́, kí ẹnì kan sì mú oògùn rẹ̀ dání. Bàbá rẹ ní òun máa gun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní òpin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo nínú oṣù Júùnù tí ojúmọ́ gùn, mẹ́ta lọ́jọ́ Sátidé, èyí tó kẹ́yìn lọ́jọ́ Sunday, kí gbogbo rẹ̀ ṣe é ṣe lẹ́ẹ̀kan. Mo ní ó ya wèrè. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ wá ku ẹni tó máa mú oògùn dání. Hector Baxter, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń pín lẹ́tà láti ọ̀dọ́ wọn, ni ì bá bọ́ sí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n Hector a máa gbàgbé eyín ara rẹ̀ sílé. Bó ṣe di tèmi nìyẹn. Ìwọ náà mọ̀ mí. Láti ogójì ọdún, ẹsẹ̀ òkè nìkan ni mo mọ̀: inú mọ́tò, fúláàsì ọbẹ̀, òwú àti abẹ́rẹ́ tí mo fi ń hun ìbọ̀sẹ̀, àti fèrèsé tí òjò ń lù. Mi ò tíì mọ ìdí tí ẹni tó nílé fi máa wá ibi tí kò sí ilé lọ. Síbẹ̀ mo ra bàtà. Nígbà tí Hector rí i, ó ní, "Ishbel, bàtà yìí tuntun débi pé ó máa bú wa tá a bá mú un wọ ẹrẹ̀." Mo ní kó fi ti bàtà sílẹ̀, kó lọ wá eyín ẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, kantíkantí jẹ wá nísàlẹ̀ bí ẹni pé wọn ò jẹun láti èṣín, ṣùgbọ́n bí a ti ń gòkè, afẹ́fẹ́ gbá wọn lọ. Òkè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tò léra wọn, èèyàn á sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ lórí ọ̀kan, á tún pọ́n òmíràn. Lórí èkíní, mo rò pé ẹ̀dọ̀fóró mi máa gba ẹnu jáde. Bàbá rẹ ń rìn níwájú bí ẹni tó ń pín lẹ́tà, kò yá, kò fà. Nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí òkun, mo rí erékùṣù Lewis tí wọ́n ti bí mi, ó sùn jẹ́jẹ́ lójú omi. Mairead, ó rẹwà. Mo pa ẹnu mi dé kí bàbá rẹ má bàa mọ̀ pé mo rí i bẹ́ẹ̀, nítorí ó máa fi yọ mí lẹ́nu títí.

Lórí ẹ̀kẹta ni àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ó ń dúró lọ́pọ̀ ìgbà, ó ní òun ń wo ilẹ̀ tó tẹ́ lọ lọ́nà jíjìn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń bẹ lórí bàtà ara rẹ̀. Ètè rẹ̀ ti yí àwọ̀ padà, ó rí bí ètè ẹni tó mu omi èso dúdú. Mo fún un ní oògùn. Ó ní, "Má wò mí báyẹn," mo sì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, mò ń gbàdúrà ní èdè Gaelic tí ìyá mi kọ́ mi. Ó fọwọ́ kan òkìtì òkúta orí rẹ̀ náà, a sì délé láyọ̀.

Bí ìyá mi bá wà láyé, ọjọ́ Sunday yẹn ló máa pa á. Nílé wa ní Lewis, a kì í sá aṣọ lọ́jọ́ Ìsinmi, a kì í já òdòdó. Ọmọ rẹ̀ ló wá ń wọ bàtà láti gun Beinn Liath nígbà tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń lù. Àwọn èèyàn ti pé jọ nísàlẹ̀, àwọn tí bàbá rẹ bá gun òkè láti ìgbà tó ti lágbára, Torquil sì gbé fèrè aláwọ rẹ̀ kọ́ èjìká. Bàbá rẹ mú òkúta tó yọ lára ọgbà àgùntàn bàbá tirẹ̀, ó ki í bọ àpò ẹ̀wù, bí wọ́n ti máa ń ṣe: ohun tí o bá gbé láti ilé, orí òkìtì òkè rẹ tó kẹ́yìn lo máa gbé e lé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè wisikí tí o fi ránṣẹ́ pé kí wọ́n ṣí lórí òkè, a ti rìn jìnnà, ó ní òun gbàgbé rẹ̀ sínú mọ́tò. Bàbá rẹ, tó máa ń ka ìbọ̀sẹ̀ kó tó jáde nílé. Ó yà mí lẹ́nu, àmọ́ Hector ní tòun wà lápò, la bá ń lọ.

Kí a tó dé ìdajì, kùrukùru bò wá. Mi ò rí bàtà tuntun mi mọ́. Ìwọ náà mọ àṣà wọn pé lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá fẹ́ parí, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀ dé orí òkè. Nígbà tí ilẹ̀ ti ń tẹ́ bọ̀, gbogbo wa dúró, kò sẹ́ni tó yọ máàpù, kò sẹ́ni tó wo kọ́ńpáàsì, ó máa jọ ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́. Òun nìkan wọ inú funfun yẹn lọ. A dúró títí ó fi pè wá. Nígbà tí a dé ibẹ̀, a bá òkìtì òkúta, ó gbé ọwọ́ kan lé e, ó gbé ìkejì sókè. Wọ́n gbé ọ̀pá ìrìn wọn kọ́ra lókè kó gba abẹ́ wọn kọjá, Torquil fun fèrè títí ojú rẹ̀ fi pọ́n, Hector pín wisikí, wọ́n kọrin. Mo sunkún. Má sọ fún Hector.

Lẹ́yìn tí wọ́n ya fọ́tò tán, mo bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti fọn imú mi níbi tí ojú ò ti ní tì mí. Gbogbo wọn kẹ́yìn sí mi. Ìgbà yẹn ni kùrukùru ya. Kò pẹ́ ju bí èèyàn ṣe máa fẹnu kan tíì lẹ́ẹ̀kan lọ. Mo rí kòtò kan tó jìn níwájú mi, mo rí ògiri òkúta lódìkejì, mo sì rí orí òkè mìíràn tó ga ju ibi tí a wà lọ, òkìtì òkúta ńlá lórí rẹ̀, ẹyẹ ìwò kan sì bà sórí òkìtì náà. Kùrukùru tún padé. Mi ò mọ nǹkan kan nípa òkè o, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ga ju èkejì lọ. Ibi tí wọ́n ti ń kọrin yẹn kọ́ ni orí Beinn Liath.

Mo yẹ ojú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó rí i àfi èmi. Bí mo bá sọ̀rọ̀, o mọ bàbá rẹ: ó ti padà gun òkè kan rí lójú yìnyín nítorí kò dá a lójú pé ọwọ́ òun kan òkúta. Ó máa sọ̀ sínú kòtò yẹn lójú ẹsẹ̀, ó máa pọ́n ògiri yẹn, mo sì ti rí ètè rẹ̀ lánàá ọjọ́ náà. Bí mo bá dákẹ́, ó máa fi irọ́ yọ̀ títí ọjọ́ ikú rẹ̀, àfi bí àlejò kan bá tú u fún un níbi tí wọ́n ti ń mu bíà, ó sì máa mọ̀ pé ìyàwó òun wà níbẹ̀. Ṣé kí n fi òótọ́ pa ọkọ mi ni, àbí kí n máa fi irọ́ bọ́ ọ? Mo gbé e mì bí ọ̀dùnkún gbígbóná, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

Àwọn yòókù yára, wọ́n ṣáájú wa lọ. Èmi àti bàbá rẹ ń bọ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́yìn. Nígbà tí a dé etí odò kékeré tó wà ní àárín òkè, oòrùn yọ, ooru mú un, ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ ó ní kí n bá òun mú un dání. Ẹ̀wù náà wúwo ju ẹ̀wù lọ. Mo ki ọwọ́ bọ àpò. Òkúta bàbá rẹ̀ ló bá mi lọ́wọ́.

Mo dúró. Òun náà dúró, ó wo ọwọ́ mi nínú àpò, ó wo ojú mi. Ó ní, "O rí i, àbí?"

Mo ní, "Mo rí i. Ìwọ ńkọ́?"

Ó ní, "Mo ti mọ̀ ká tó kúrò nílé. Àwọn darandaran ló kó òkìtì kékeré yẹn jọ láyé àtijọ́. Orí òkè gan-an ṣì wà níwájú."

Mairead, mo jókòó sórí koríko tútù láìwo aṣọ mi. Mo rò pé etí mi ló ń tàn mí. Mo ní, "Murdo, o kó gbogbo ayé gun òkè lọ́jọ́ Ìsinmi, o jẹ́ kí àbúrò ẹ fun fèrè títí èémí ẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, lórí irọ́?" Ó ní òun kò purọ́. Ó ní ṣé mo gbọ́ kí òun sọ pé òun ti parí, ọwọ́ lòun gbé sókè. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, òótọ́ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà yẹn ni gbólóhùn ilé ìwòsàn yẹn padà wá sí mi lórí, ọjọ́ tí mo bá parí wọn. Inú bí mi. Mo bú u kanlẹ̀. Mo ní ọmọ ẹ̀ ló ń tàn jẹ, mo ní ṣe ló fi ọ̀kan pamọ́ kó lè máa rí ohun tó máa yọ́ jáde lọ gùn. Mo sọ ọ̀rọ̀ Gaelic tí ìyá mi kò mọ̀ pé mo gbọ́ rí.

Ó jẹ́ kí n bú u tán. Ó wá jókòó tì mí, ó ní, "Mi ò ní gun òkè mọ́, Ishbel. Ó tán. Lórí ẹ̀kẹta lánàá, ọkàn mi sọ fún mi. Kì í ṣe dókítà, òun fúnra ẹ̀ ló sọ."

Mo ní kí ló wá dé tí kò fi lọ fọwọ́ kan èyí tó kẹ́yìn nígbà tó ṣì lágbára díẹ̀. Ó ní, "Bàbá mi ta àgùntàn ẹ̀ tó kẹ́yìn nígbà ìkórè. A sin ín kí ọdún tó yí. Kò sí nǹkan tó ń ṣe é. Kò kàn sí nǹkan tó kù tó máa gbójú lé tó bá jí láàárọ̀ ni. Mo fẹ́ kí ọ̀kan kù. Mi ò ní lọ bá a. Mo kàn fẹ́ máa mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

Èyí ló yà mí lẹ́nu ju ohun tí mo rí nínú kùrukùru lọ. Ogójì ọdún ni mo fi rò pé ṣe ló ń sá fún ilé tó bá ń lọ sórí òkè, mo sì ti fi ọ̀rọ̀ yẹn gún un lára láìmọye ìgbà. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á. Ọkùnrin yẹn kò sọ fún mi rí pé ẹ̀rù ń ba òun, kódà nígbà tí wọ́n ń gbé e wọ inú ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Inú mi bàjẹ́, ojú tì mí, mo mú ọwọ́ rẹ̀, ó tutù. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí kantíkantí fi rí wa.

Nígbà tí a dé ìdí mọ́tò, mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Wisikí rẹ wà lábẹ́ aṣọ ìbora, ó ti fi ìwé ìròyìn wé e lẹ́ẹ̀mejì, ó tún fi okùn dì í. Èèyàn kì í gbàgbé nǹkan báyẹn.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé sí ọ kíákíá nìyí, nítorí ìwọ ló búra fún, mi ò sì lè jẹ́ kí o wà nínú òkùnkùn. Mo bẹ̀ ọ́, má bá a jà. Ó ti gbé bàtà rẹ̀ lọ sókè àjà láàárọ̀ yìí fúnra rẹ̀, mo dúró nísàlẹ̀ àkàsọ̀, mo rí i. Ìlérí tó ṣe fún ọ dúró, ó kàn gba ọ̀nà tirẹ̀ mú un ṣẹ ni. Máa gba kíkí tí wọ́n bá ń kí ọ. Torquil kò gbọ́dọ̀ mọ̀, ó máa bínú nítorí fèrè rẹ̀. Ní ti Hector, mo fura sí i. Òun ló mọ máàpù jù nínú wa, ó sì ti gun Beinn Liath rí lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ òun ló kọ́kọ́ hó. Nígbà tí mo wò ó lójú, ó ní òun ń wá eyín òun.

Mo ti sọ ohun kan fún bàbá rẹ nídìí tíì láàárọ̀ yìí. Mo ní òkè yẹn kò ní wà níbẹ̀ lásán títí ayé. Tí ẹsẹ̀ ọmọ tó ń bọ̀ bá ti le, èmi ni mo máa mú un gòkè. Ó ní, "Ìwọ? Pẹ̀lú bàtà tuntun yẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ló sì máa jókòó sínú mọ́tò nísàlẹ̀ pẹ̀lú fúláàsì ọbẹ̀, kí òun náà mọ bí wákàtí ṣe máa ń gùn tó. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn mú. Ó wá béèrè pé ọbẹ̀ wo ni.

Kí Ọlọ́run tó pa wá mọ́ nínú kùrukùru pa ìwọ náà mọ́. Kí ó sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀, kí a gbóhùn ìyá, kí a gbóhùn ọmọ. Kí Laurent má ṣàárẹ̀. Kí ó jẹ́ ẹsẹ̀ ayọ̀ lẹ máa fi wọ ilé wa, kí ẹ sì bá àwa méjèèjì lẹ́nu ọ̀nà.

Èmi ni ìyá rẹ, agunkè òjijì,
Ishbel.

Àfikún: Páálí kékeré kan ń bọ̀ lẹ́yìn lẹ́tà yìí. Ìbọ̀sẹ̀ ọmọ tí mo hun ló wà nínú rẹ̀, nítorí náà má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu tó bá wúwo. Bàbá rẹ ti ki òkúta náà bọ inú èyí tó tóbi jù. Ó ní kí o gbé e sójú fèrèsé yàrá ọmọ, kí ẹ má sì gbàgbé rẹ̀ tí ẹ bá ń bọ̀ nílé. Ó pẹ́ tó fi gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, tó ń wọ̀n ọ́n, kó tó dì í. Ó ní ọmọ ọdún mẹ́fà á lè gbé e dókè, òun sì máa wà nísàlẹ̀, òun máa gbọ́ tó bá pariwo.